Ẹni Tó Jókòó Ti Ọ̀rọ̀ Baba Rẹ̀: Àkọsílẹ̀ Lórí Shaun Nínú This Is England

Ṣòkòtò ló kọ́kọ́ kó o sí wàhálà. Ọdún 1983 ni, ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń parí kí àwọn ọmọ tó lọ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n sì gbà kí kálukú wọ aṣọ ilé wá. Shaun Fields, ọmọ ọdún 12, wọ ṣòkòtò bóńgò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, tí ìgbà rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí. Ó gbé e mì. Àfi ìgbà tí ọmọkùnrin kan tó dàgbà jù ú lọ wá fi baba rẹ̀ ṣàwàdà, baba tó kú sójú ogun. Shaun ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fò mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ẹgba sí i, ó sì gbọ̀nà ilé ní òun nìkan.

Báyìí ni This Is England ṣe bẹ̀rẹ̀, fíìmù tí Shane Meadows kọ tí ó sì darí, tó jáde ní 2006. Mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ṣe máa ń kọ fáìlì ọmọ kan: ọmọ ta ni, kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn wo ló gbà á mọ́ra, kí ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé fíìmù lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó sí i ló ń hàn sí mi pé ìkórìíra kọ́ ló gbé ọmọ yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ni.

Ilé tó ti jáde

Ogun Falkland tó pa baba Shaun, èyí tí Britain àti Argentina jà nítorí erékùṣù Falkland, kò pẹ́. 2 Oṣù Kẹrin 1982 ni àwọn ọmọ ogun Argentina gba erékùṣù náà, ó sì parí ní 14 Oṣù Kẹfà, ọjọ́ 74 péré. Ọmọ ogun Britain 255 ló bá a lọ. Ti Argentina jẹ́ 649. Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú ìròyìn. Ní ilé Shaun, fọ́tò ọkùnrin kan nínú aṣọ ológun ló ṣẹ́ kù. Àwọn àgbà ní baálé ilé kú, ilé dahoro. Ìyá rẹ̀, Cynthia, ń sa gbogbo ipá rẹ̀ kí tiwọn má baà dahoro, ṣùgbọ́n òun náà ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè ká gbogbo rẹ̀.

Ìta ò sàn ju inú ilé lọ. Láti Oṣù Kìíní 1982 ni iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ní Britain ti kọjá mílíọ̀nù 3. Margaret Thatcher ti wà lórí oyè olórí ìjọba láti 1979, ilé iṣẹ́ ńláńlá ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nottingham ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú fíìmù náà, ojú ibẹ̀ sì fi gbogbo rẹ̀ hàn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé: ilé tí wọ́n ti kó kúrò, fèrèsé tí wọ́n fi pákó kàn pa, ògiri tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí. Ọmọ tó bá jáde síta níbẹ̀ lọ́wọ́ ìsinmi kò ní ibì kan pàtó tó ń lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i he

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ ìjà yẹn, ó gba ihò abẹ́ títì kan kọjá, ó sì bá Woody àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó síbẹ̀. Skinhead ni wọ́n: orí fífá kodoro, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, jíǹsì tí wọ́n ká lẹ́sẹ̀, bàtà aláwọ tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn á fẹ́ yà lọ́nà. Woody pè é, ó ní kó wá jókòó. Ó bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi rí báyẹn. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò tíì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè tí kò ní ẹ̀gún nínú.

Kò sí ìbúra, kò sí owó ìwọlé. Wọ́n mú un dání lọ sí àwọn ilé ahoro láti lọ fọ́ nǹkan ṣeré. Gadget, ọmọ tó sanra láàárín wọn, fẹ́ máa fi ọwọ́ líle mú un, nítorí òun ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó kéré jù ú lọ sì ti dé. Shaun bínú kúrò níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Woody ló pẹ̀tù sí i. Ẹni tí kò bá tíì bínú kúrò láwùjọ kan rí, tí wọ́n sì wá a wá, kò ní mọ bí ìyẹn ti tó nínú ọmọ ọdún 12.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bàtà. Shaun fẹ́ ní tirẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Dr. Martens ló fẹ́, òmíràn ò sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ìwọ̀n rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Omi ti lé sójú ọmọ. Obìnrin tó ń ta bàtà wọlé lọ gbé òmíràn tó jọ ọ́ wá, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú pé London ni wọ́n ti kó ọ wá. Ojú Shaun ní ìṣẹ́jú yẹn, bó ṣe ń wo bàtà, tó tún ń wo obìnrin náà láti mọ̀ bóyá ó ń tan òun ni, wà lára ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú fíìmù yìí. Ohun tó ń bẹ̀rù kì í ṣe pé kí bàtà má dára. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ti rí ṣòkòtò.

Bàtà tó ń sunkún lé lórí yẹn, Klaus Märtens, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì, ló kọ́kọ́ rò ó, lẹ́yìn tí ó fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe ní 1945 tí ó sì ń wá bàtà tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ máa rọ̀ fún un. Ilé iṣẹ́ ìdílé Griggs ní Wollaston, ní Northamptonshire, ló ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ti England jáde ní 1 Oṣù Kẹrin 1960. Déètì yẹn náà, 1/4/60, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1460. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan máa tó dé tí wọ́n á ní bàtà yìí ni ẹ̀rí pé ọmọ England gidi ni àwọn.

Lol, ọ̀rẹ́bìnrin Woody, ló fá orí Shaun. Wọ́n fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì Ben Sherman. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí orí kodoro yẹn, ó mú un lọ́wọ́, ó di ilé oúnjẹ tí àwọn ẹgbẹ́ jókòó sí, ó ní ta ló ṣe èyí fún ọmọ òun. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò mú un padà lọ sílé. Ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìyá yẹn kọ́kọ́ rí orí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo àgbàlagbà inú fíìmù náà, òun ni mo rò pé ó lóye jù.

Orí fífá kò fìgbà gbogbo jẹ́ àmì ìkórìíra

Láìsí ìtàn yìí, ẹni tó bá ń wo Milky láàárín wọn á máa ṣe kàyéfì. Milky jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìdílé rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, skinhead sì ni. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní London, ni skinhead ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní mod àti àwọn ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n ń pè ní rude boy jọ ń jó nílé ijó kan náà. Àwọn òbí irú àwọn ọmọ Jàmáíkà wọ̀nyí wà lára àwọn tó ń wọ Britain láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush ti gúnlẹ̀ sí Tilbury ní Oṣù Kẹfà 1948. Ska, rocksteady àti reggae ni orin wọn. Ní 1968 ni wọ́n dá Trojan Records, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo irú orin yìí jáde, sílẹ̀, àwọn afárí-kodoro sì wà lára àwọn tó ra àwo rẹ̀ jù. Fíìmù yìí pàápàá, ohùn Toots and the Maytals láti Jàmáíkà ni wọ́n fi ṣí i. Nítorí náà Milky kì í ṣe àlejò nínú ẹgbẹ́ Woody. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ni ìdajì ohun tí wọ́n ń ṣe ti wá.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló wá gbé àṣà yìí gbà. Ní 1967 ni wọ́n dá National Front sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ní kí gbogbo ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun padà síbi tí wọ́n ti wá. Nínú ìdìbò gbogbogbò 1979, wọ́n fa olùdíje 303 kalẹ̀, kò sí ọ̀kan tó wọlé. Nígbà tí àpótí ìdìbò kọ̀ wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ orí títì àti pápá bọ́ọ̀lù ló kù tí wọ́n lè máa fà, ìyẹn irú àwọn ọmọ tí kò níṣẹ́, tí inú ń bí, tí wọ́n sì ti ní aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Combo

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń ṣe fàájì lọ́wọ́ nígbà tí Combo dé láti ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rẹ́ Woody àtijọ́ ni. Gbogbo wọn gbà á mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹ̀wọ̀n, kò sì pẹ́ tó fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú ní orúkọ ẹ̀gbin, tó ń sín ohùn wọn jẹ, Milky sì jókòó síwájú rẹ̀. Yàrá pa lọ́lọ́. Woody ò sọ nǹkan kan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Woody kì í ṣe àgbà, ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn òun ni ojú gbogbo wọn ń wò. Mo fẹ́ràn Woody gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́, kì í ṣe ọjọ́ kejì tí wọ́n pín. Combo pàápàá mọ̀ ọ́n. Nígbà tó pè wọ́n wá sílé rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bá Woody wí lé lórí ni pé kò lanu sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Milky, ó ní ṣé ọmọ England lo ka ara rẹ sí ni àbí ọmọ Jàmáíkà. Milky dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn pé ọmọ England. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń dùn mí, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í.

Combo wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò sí, ó sọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ní wọ́n ń gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ó sì kan ogun Falkland: ó ní ogun lásán ni, wọ́n kàn tan àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè lọ kú ni. Shaun bú sígbe. Ó ní baba òun kú síbẹ̀.

Ibí yìí ni gbogbo fáìlì náà dá lé. Combo kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ṣìnà lu ọgbẹ́ ọmọ. Àmọ́ kò sá fún ọgbẹ́ náà. Ó dáwọ́ ohun tó ń sọ dúró, ó tọrọ àforíjì, ó sì jókòó ti ọ̀rọ̀ baba yẹn. Ó ní kí Shaun má jẹ́ kí ikú baba rẹ̀ já sásán. Ohun tí baba jà fún, kí ọmọ náà dìde jà fún un. Ìyá rẹ̀ ń sunkún nítorí ọkọ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi í ṣàwàdà. Àwọn Woody fi ẹ̀rín àti aṣọ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n rò pé ìyẹn ló dára jù fún ọmọdé. Combo ló sọ fún un pé ikú yẹn ní ìdí, pé ohun kan sì wà tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i. Irọ́ ni ìdí náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, kí ni ọmọ tó ti ń wo fọ́tò fún ọdún kan gbáko máa fi dá irọ́ yẹn mọ̀?

Nígbà tí Combo ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ, Woody dìde, Lol àti Milky tẹ̀ lé e. Woody bẹ Shaun kó jẹ́ kí wọ́n jọ lọ. Shaun dúró.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀

Ìpàdé National Front ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Pukey, ọ̀kan nínú wọn, béèrè bóyá Combo gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ gbọ́. Combo wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Nínú ẹgbẹ́ Woody, Shaun bínú kúrò, wọ́n sì lọ wá a. Níbí, ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó láti sọ èèyàn di ẹni ìta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù Sandhu, ará Éṣíà tó ń ta ọjà ní àdúgbò. Ọkùnrin yẹn ti lé Shaun jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù nítorí ọ̀rọ̀ kékeré, irú èyí tí ọmọ àti oníṣọ́ọ̀bù máa ń ní. Shaun wọlé, ó ní kó kó ọtí àti sìgá wá fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u ní ọ̀rọ̀ tí Combo kọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ò tíì ya. Ohùn ọmọdé ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà burúkú, àwọn yòókù sì wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá. Mi ò tíì wo ìran yẹn rí kí n má fẹ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó parí sórí Milky. Lol ti sọ fún Combo pé òun ò fẹ́ ẹ, ọkàn rẹ̀ sì ti gbọgbẹ́. Ó ní kí Milky bá òun wá igbó díẹ̀, wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń fà á. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Milky bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé wọn: bí ẹbí ti pọ̀ tó, oúnjẹ tí wọ́n ń sè, bí gbogbo wọn ṣe máa ń péjọ. Combo ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa sọ ọ́ lọ. Ẹ wo ojú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín náà kò kúrò, ṣùgbọ́n ẹyinjú ti yí padà. Ohun gbogbo tó ti sọ fún Shaun pé àwọn àjèjì jí gbé lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé, Milky ní in lóòótọ́, kò sì jí i: baba, ìyá, ilé tí ọ̀nà rẹ̀ kì í dá. Combo ló dá nìkan wà. Ó dìde, ó lu Milky títí tí ara rẹ̀ ò fi mira mọ́. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́kún, òun àti Shaun ló sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Stephen Graham tó ṣe Combo ní bàbá àgbà tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń wo ojú yẹn lọ́nà mìíràn.

Lẹ́yìn fíìmù náà

Meadows kò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Uttoxeter ni wọ́n ti bí i ní 1972. Òun náà fá orí nígbà èwe rẹ̀, ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì mú un mọ́ra. Orúkọ tó fún ọmọ náà pàápàá ń sọ ọ́: pápá ni Fields, pápá oko tútù ni Meadows.

Nígbà tí fíìmù náà fẹ́ wọ sinimá ní Britain ní 2007, àjọ tó ń pín fíìmù sí ìpele ọjọ́ orí, BBFC, ní ó di ẹni ọdún 18 kó tó wò ó, nítorí ìwà ipá àti èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú rẹ̀. Meadows kò gbà. Ó ní àwọn ọmọ ọdún 15 gan-an ni òun ṣe é fún. Lábẹ́ òfin ibẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tí sinimá àdúgbò rẹ̀ máa fi hàn, àwọn kan sì yí i sí 15. Bristol wà lára wọn. Mo mọ ohun tí BBFC ń bẹ̀rù, nítorí bí Combo ṣe lu Milky le láti wò. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Meadows ni mo wà. Irú Combo kì í béèrè ọjọ́ orí kó tó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ní 2008, fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA fún fíìmù Britain tó dára jù.

Thomas Turgoose ló ṣe Shaun. Ọmọ Grimsby ni, ọmọ ọdún 13, kò sì tíì ṣe eré rí. Nígbà tí wọ́n ní kó wá dán ara rẹ̀ wò, ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní £5. Nínú ìran tó kẹ́yìn, ó gbé àsíá England dání lọ sí etí òkun, àsíá alágbèélébùú pupa ti Saint George, ẹni mímọ́ tí wọn ò bí ní England. Ó sọ ọ́ sómi. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó sì ń wo ẹni tó ń wò ó. Kí ará ìta tó rí fíìmù náà, ìyá Turgoose fúnra rẹ̀ ti kú, àrùn jẹjẹrẹ ló pa á. Ìrántí rẹ̀ ni wọ́n ya fíìmù náà sí.